Ohun Tí Wáyà Ń Gbọ́ Lórí Ajá

Ìdájí ni gìrì sábà máa ń mú ajá, nígbà tó bá wà lójú oorun tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Ẹ jẹ́ ká mú ọgbà kan ní Kabala Doki, létí odò Kàdúná, ká sì mú ajá Alsatian ọlọ́dún mẹ́ta kan tó ń ṣọ́ géètì níbẹ̀. Láti alẹ́ ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ kiri, kò fẹ́ dá wà, ó ń lá ètè. Nígbà tó di ìdájí, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà gbọnrandan, ọrùn ká sẹ́yìn, èémí dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ìdùbúlẹ̀, eyín ń pa, itọ́ ń hó, ìtọ̀ ti jáde. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rangandan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, kò gbọ́. Bí ẹ bá ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Gbogbo rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ, àmọ́ ẹni tó dúró tì í á búra pé ó tó ìdajì wákàtí. Nígbà tó bá dìde, á máa forí gbá ògiri, á mu omi títí, á sì lè kùn mọ́ ẹni tó ti ń fún un lóúnjẹ láti kékeré.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ ti di mẹ́ta. Mẹ́gáàdì ní farfaɗiya, ìyẹn wárápá, ni, òun mọ ẹnì kan tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lábúlé òun. Ìyá tó ń gbé ní fúláàtì ẹ̀yìn ní májèlé ni ẹnì kan fún un jẹ. Ó ti gbé ìgò epo pupa dání, ó ń wá ẹni tó máa bá òun la ẹnu ajá. Ọmọkùnrin ilé kejì ti fa igi yọ: ajá tó ń da itọ́ lẹ́nu, dìgbòlugi ni, ẹ jẹ́ ká tètè pa á kó tó bu èèyàn jẹ. Kò sí ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wárápá, májèlé àti dìgbòlugi lè gbé ajá ṣánlẹ̀ lọ́nà kan náà, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ ká ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ara wọn. Orí yìí dá lé bí dókítà ẹranko ṣe ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, àti ibi tí ẹ̀rọ tó ń ka ìgbì ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní EEG, ti wúlò nínú iṣẹ́ náà.

Dìgbòlugi ni ká kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà, torí òun ló ń pa èèyàn. Kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú itọ́ ajá, ó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára èèyàn, agbára káká lẹnikẹ́ni fi ń bọ́ níbẹ̀. Ajá tó ní in kì í padà sípò lẹ́yìn gìrì. Ìwà rẹ̀ á ti yí padà ṣáájú, ohùn gbígbó rẹ̀ á ti yàtọ̀, àgbọ̀n lè ṣe bọ̀rọ̀, kò ní lè gbé omi mì dáadáa, yóò sì máa burú sí i lójoojúmọ́ títí yóò fi kú, ó sì sábà máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí ìgbà tí àmì bẹ̀rẹ̀. Ajá oníwárápá ń padà di ara rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ń jẹun, ó ti ń gbó àlejò. Nítorí náà, bí ajá bá ti bu ẹnì kan jẹ nínú rúkèrúdò náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹni náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ sì ti ajá mọ́ ibi tí kò ti lè jáde, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ẹ bá fi igi pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ ti pa ẹ̀rí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ti ajá, tí àwọn dókítà ń pè ní ARV, wà nílẹ̀ wa. Iléeṣẹ́ NVRI ní Vom, nítòsí Jos, tó ti wà láti 1924, ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ìgbàgbọ́ wà pé itọ́ tó ń hó lẹ́nu ẹni tí wárápá gbé ṣánlẹ̀ lè ran ẹlòmíràn. Nítorí ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti ṣubú sínú iná tàbí sínú omi tí wọn ò rí ẹni tó máa fà wọ́n jáde, àpá iná sì wà lára wọn títí di òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti UCH Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ará Igbó-Ọrà wò, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1987 sì fi hàn pé nǹkan bí èèyàn márùn-ún nínú 1,000 ló ní wárápá níbẹ̀. Aládùúgbò, ọmọ iléèwé, ìyàwó ilé ni wọ́n. Itọ́ wọn kì í ran ẹnikẹ́ni. Ti ajá ló gba ìṣọ́ra, kì í sì í ṣe nítorí wárápá. Nítorí dìgbòlugi tó lè jọ ọ́ ni. Bí èèyàn ni gìrì mú, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Bí ajá ni, ẹ gbé ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu ìkankan nínú wọn.

Májèlé ńkọ́? Ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń tà fún eku àti aáyán ló wọ́pọ̀ jù. Irú èyí tó jẹ́ oògùn kòkòrò olómi máa ń mú kí itọ́ àti omijé máa dà, kí ọmọlójú sún kì, kí ajá máa bì, kí inú máa ṣí, kí ẹran ara máa gbọ̀n kí gìrì tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ. Kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì kó parí. Abẹ́rẹ́ wà fún un lọ́wọ́ dókítà, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni. Epo pupa kò lè pa májèlé náà, mílíìkì kò lè pa á. Bí wọ́n bá rọ epo sí ẹnu ajá tí kò mọ ibi tó wà, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ, ajá tí ì bá là á já á wá kú ikú epo.

Àwọn mìíràn ṣì wà lẹ́yìn àwọn yìí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lára ọmọ ajá tí aràn ti mu tán. Abo tó ń fún ọmọ lọ́mú lè pàdánù kalíṣíọ̀mù títí ara rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Òòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Kàdúná lè gbé ajá Caucasian onírun púpọ̀ ṣánlẹ̀. Ọ̀kadà lè ti gbá a lórí. Eégbọn ń kó Babesia sínú ẹ̀jẹ̀, eṣinṣin tsetse sì ń kó trypanosome, tó lè wọ ọpọlọ lọ. Kàdúná yìí kan náà ni olú iléeṣẹ́ NITR wà, èyí tó ń ṣèwádìí àìsàn tsetse láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣèjọba. Àwòfín ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lórí díńgí lábẹ́ awò amúǹkantóbi lè fi Babesia àti trypanosome hàn.

Èyí tó yẹ kí n dúró tì díẹ̀ ni distemper, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ onílé jẹ. Ajá kékeré tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára DHLPP pé ló sábà ń mú. Ikun imú àti ìpín ojú ló ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru, àtẹ́lẹsẹ̀ lè gan. Ara á dà bí èyí tó ń yá. Lọ́sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni àgbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ afẹ́fẹ́, gìrì sì tẹ̀ lé e. Nígbà míì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tàbí iṣan orí, á máa ta pì, pì, pì, láìdáwọ́ dúró. Ẹ wò ó nígbà tó bá sùn. Títa ti distemper máa ń bá a dé ojú oorun. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ajá mọ àmì yìí, torí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti wò ó.

Ní 2015, àwọn dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ọpọlọ, tí wọ́n wá láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, fẹnu kò lábẹ́ orúkọ International Veterinary Epilepsy Task Force lórí ohun tí wọ́n yóò máa pè ní wárápá àdámọ́ lára ajá. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n to ìdánilójú sí. Ìpele kìíní kò béèrè ẹ̀rọ ńlá: kí gìrì ti mú ajá lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí wákàtí 24 wà láàárín wọn, kó má sí ohun tó fà á, kó jẹ́ pé láàárín oṣù 6 sí ọdún 6 ló kọ́kọ́ mú un, kí dókítà yẹ ẹ́ wò láàárín gìrì kan sí òmíràn kó má rí àléébù, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mọ́. Ìpele kejì fi àyẹ̀wò iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ kún un, pẹ̀lú àwòrán MRI ti ọpọlọ, àti omi tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà láti ibi ọ̀pá ẹ̀yìn. Orí òkè pátápátá ni wọ́n fi EEG sí.

Ìdí tó fi wà lókè yẹ kó yé wa. Gbogbo àyẹ̀wò tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ ohun tí àìsàn náà kì í ṣe: kì í ṣe ẹ̀dọ̀, kì í ṣe ṣúgà, kì í ṣe kókó inú orí. A wá ń fi ohun tó kù pe orúkọ. EEG nìkan ló ń lọ bá ọpọlọ fúnra rẹ̀ láti béèrè ohun tó ń ṣe.

Ọpọlọ ajá ńlá kan kì í sábà ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ. Síbẹ̀ ìwádìí kan ní 2017 ka nǹkan bí 500 mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára nínú èèpo òde rẹ̀ nìkan. Iyọ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: sodíọ̀mù ń wọlé, pọtásíọ̀mù ń jáde, kalíṣíọ̀mù ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kó má bàa ṣí láìyẹ, ìwọ̀nba iná mànàmáná sì ń tẹ̀ lé lílọ bíbọ̀ náà. Ìdí nìyí tí àìtó kalíṣíọ̀mù fi ń gbọn abo tó ń fọ́mọ lọ́mú. Iná ti sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kéré ju ohun tó lè la egungun orí kọjá. Ẹ ronú nípa ọgbà mọ́ṣáláṣí kan lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí olúkúlùkù bá ń ka tẹ̀súbàá tirẹ̀ lábẹ́nu, ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri kò ní gbọ́ ju kíkùn lásán lọ. Bí gbogbo wọn bá dáhùn “Àmín!” lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn náà á fo ògiri. Ohun tí wáyà ń gbọ́ lórí ajá nìyẹn: kíkùn nígbà tí ara dá, àti nígbà tí wárápá bá wà nílé, Àmín ńlá tó bú jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbàdúrà.

Iye iná náà kò tó nǹkan. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ 1.5 volt, bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 30,000, ìpín kan á jẹ́ 50 microvolt, irú iye tí à ń bá lórí awọ orí nìyẹn. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ńlá kó tó lè yà á sójú kọ̀ǹpútà.

Orí ajá gan-an ni wọ́n fi kọ́ ìmọ̀ yìí. Ní 1870, ní Berlin, Gustav Fritsch àti Eduard Hitzig fi iná díẹ̀ kan ọpọlọ ajá níbi pàtó, ẹsẹ̀ òdìkejì sì fò. Nígbà tí wọ́n fi iná náà lé, gìrì mú àwọn kan nínú àwọn ajá náà. Ní 1875, Richard Caton ní Liverpool rí i lórí ehoro àti ọ̀bọ pé ọpọlọ tí ẹnikẹ́ni kò fi iná kàn ní iná tirẹ̀. Adolf Beck ní Kraków tún rí i ní 1890 lórí ehoro àti ajá, ó sì kíyè sí i pé ìgbì náà ń rẹlẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sójú ẹranko náà. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, Vladimir Pravdich-Neminsky ní Kyiv ti ya fọ́tò ìgbì ọpọlọ. Orí ajá ló ti yà á. Ní 1914, Napoleon Cybulski àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Kraków náà ya fọ́tò ìgbì ọpọlọ ẹranko tí wọ́n ti mú kí gìrì mú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní 1924, ni Hans Berger ní Jena, ní Jámánì, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ti èèyàn gbà sílẹ̀, ó sì gbé e jáde ní 1929. Nígbà tó fi máa di 1935, Frederic Gibbs, Hallowell Davis àti William Lennox ní Boston ti ń fi í mọ wárápá ọmọdé.

Láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn èèyàn ti ń fi EEG ṣiṣẹ́ oòjọ́. Ajá tó ṣáájú ló wá dúró sẹ́yìn. Mo ka ìyẹn sí gbèsè, gbèsè gidi, torí àwọn ajá inú yàrá ìwádìí wọ̀nyẹn kò jèrè ohunkóhun nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa, ọ̀pọ̀ wọn kò sì jáde láàyè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ajá yàtọ̀ sí ti èèyàn. Awọ orí èèyàn tẹ́, egungun rẹ̀ kò nípọn púpọ̀. Àwo kékeré àti ìpara ti tó. Orí ajá ní irun, ó sì ní iṣan àgbọ̀n tó bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ agbárí títí dé òkè. Iṣan tó ń fọ́ egungun ẹran ni, iná tó sì ń tinú rẹ̀ jáde ju ti ọpọlọ lọ fíìfíì. Etí ajá ń yí, ahọ́n rẹ̀ ń yọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìkọ̀ọ̀kan ń kọ nǹkan tirẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, ní iwájú orí, ní àárín, ní ìpàkọ́, lọ́tùn-ún àti lósì, pẹ̀lú ọ̀kan lórí ọ̀nà imú àti ọ̀kan lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú un sùn fẹ́rẹ́, kí iṣan lè rọlẹ̀. Oorun náà wúlò lọ́nà mìíràn, torí ojú oorun ni ìgbì burúkú fẹ́ràn láti yọjú. Kámẹ́rà á máa ya gbogbo ara rẹ̀ lákòókò kan náà, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ bóyá ìlà tó fò sókè yìí ti ọpọlọ ni tàbí ajá ló gbé itọ́ mì.

Lórí ojú kọ̀ǹpútà, ìlà ń rìn láti apá òsì lọ sí ọ̀tún, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ibi méjì tí wọ́n fi wéra. Ajá tó ń tòògbé ní ìgbì gbọ̀ọ̀rọ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ jẹ́jẹ́. Láàárín wọn, nǹkan kan ta sókè ṣóńṣó, ó sì padà kó tó pé ìdá 70 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbì gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e, bí ẹni ń mí kanlẹ̀. Ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìkan, tàbí ó yọ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ajá kò mira. Ṣóńṣó yẹn ni dókítà ń wá. Bó bá ń jáde láti ibi kan ṣoṣo nígbà gbogbo, ó ṣeé ṣe kí ọgbẹ́ wà níbẹ̀, kí MRI sì lọ wo ibẹ̀ dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ iná ìjọba ti wọ̀ ọ́ nìyí. Iná NEPA wa ń lọ ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà inú ògiri sì ń fọ́n ìró rẹ̀ káàkiri yàrá. Abẹ́rẹ́ tó ń wá 50 microvolt á gbé ìró náà. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn wíńdò burú jù, torí kò dúró lójú 50. Ó ń sáré, ó ń rọra, asẹ́ inú kọ̀ǹpútà kò sì lè yọ ọ́ tán. Yàrá tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo bátìrì tirẹ̀, fáànù pípa, fóònù pípa: bí a bá ṣe ìwọ̀nyí ní Kàdúná, ohun tí a máa kà kò ní yàtọ̀ sí ti ìlú tí iná kì í lọ.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ ibi tí agbára ẹ̀rọ náà mọ. Kódà lára èèyàn tó ní wárápá láìsí iyèméjì, EEG àkọ́kọ́ tó gba nǹkan bí ìdajì wákàtí lè má fi nǹkan kan hàn nínú bí ìdajì wọn. Ti ajá náà kò dúró sójú kan. Ìwádìí kan á rí i lára púpọ̀, òmíràn á rí i lára ìwọ̀nba, ó sinmi lórí oògùn oorun tí wọ́n lò, iye wákàtí tí wọ́n fi gbà á, àti ìgbà tí gìrì mú un kẹ́yìn. Oògùn wárápá tí ajá ti ń lò náà ń bo ìgbì burúkú mọ́lẹ̀. Nítorí náà EEG tó mọ́ kò sọ pé ajá kò ní wárápá. Dókítà tó bá fi ìwé EEG tó mọ́ lé alájá lọ́wọ́, tó ní kò sí nǹkan kan, kò ṣe dáadáa.

Ibi tí EEG ti jẹ́ ọba ni ibi tí ojú lásán ti kùnà. Ajá kan lè dá ohun tó ń ṣe dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó tẹjú mọ́ òfìfo, kí ètè rẹ̀ ta díẹ̀, kó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ta ló máa pe ìyẹn ní wárápá? Ìgbì ọpọlọ ti fi hàn lára àwọn ajá kan pé òun ni. Òmíràn, tí gìrì ti mú fún ìgbà pípẹ́, á dákẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Onílé á dúpẹ́ pé ó ti sùn. Iná lè ṣì máa jó nínú ọpọlọ náà láìsí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, EEG nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀, kí dókítà má bàa dáwọ́ ìtọ́jú dúró láìtọ́.

Àpẹẹrẹ tó wú mi lórí jù wá láti ara ajá kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, Rhodesian Ridgeback, tí wọ́n tọ́ ní gúúsù Áfíríkà fún ọdẹ kìnnìún. Àwọn kan nínú wọn, láti nǹkan bí ọmọ oṣù mẹ́fà, máa ń ta bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ ìsinmi. Ara á fò fìrì, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á tún sùn. Àwọn onílé rò pé àlá ni. Àwọn olùwádìí gbé ẹ̀rọ EEG tí kò ní wáyà gígùn sí ẹ̀yìn wọn, kí wọ́n lè wà lójúfò, láìsí oògùn oorun, pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń wò wọ́n. Ìgbà tí ara fò gẹ́lẹ́ ni ìgbì ṣóńṣó yọ. Iná tó ń ṣẹ́jú níwájú wọn tún ń fà á lára àwọn kan. Látibẹ̀ ni wọ́n ti tọpa dé jíìnì kan tó ń jẹ́ DIRAS1, wọ́n sì gbé e jáde ní 2017. Lónìí, ẹni tó fẹ́ kí Ridgeback rẹ̀ bímọ lè ṣàyẹ̀wò jíìnì náà kó tó mú akọ wá.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ẹranko ní Nàìjíríà kò ní EEG. Ìpele kìíní ni ajá Kabala Doki wa á ti gba ìdájọ́, kò sì yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀. Ìpele náà lágbára bí a bá ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mò ń rò. Kàdúná sí Zaria kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ. Yunifásítì Ahmadu Bello ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ẹranko níbẹ̀, ó sì ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún èèyàn ní Shika, nínú Zaria kan náà. Ẹ̀rọ tó ń sọ microvolt di ńlá kò mọ̀ bóyá orí èèyàn ni tàbí orí ajá. Ohun tó kù ni abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ, yàrá tó dákẹ́, àti ẹnì kan tó ti fojú sí ìgbì ajá tó pọ̀ débi tí etí tó yí kò fi ní tàn án jẹ. Kí oníṣègùn ọpọlọ èèyàn àti dókítà ẹranko jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kan náà ni mò ń fẹ́.

Bí ìdájọ́ bá ti jẹ́ wárápá, oògùn tó wọ́pọ̀ jù ni phenobarbital. Dókítà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí gìrì bá ti mú ajá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà, tàbí bó bá ń tẹ̀ lé ara wọn lọ́jọ́ kan. Gìrì tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kò dúró de ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbé ajá lọ lóru náà. Wákàtí méjìlá-méjìlá ni wọ́n ń lo phenobarbital, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò gbà kó tó dúró dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wo iye rẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀. Ajá á kọ́kọ́ máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ebi á máa pa á, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́. Onílé á rò pé oògùn ti bà á jẹ́, á sì dá a dúró. Ìdádúró lójijì yẹn lè fa gìrì tó burú ju ti àkọ́kọ́. Oògùn tí òfin ń ṣọ́ sì ni, kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn kiri lójú pópó. Bákan náà, ẹni tó ń gba oògùn wárápá tirẹ̀ ní Federal Neuropsychiatric Hospital ní Barnawa má ṣe pín in fún ajá: ara ajá ń lo phenytoin àti carbamazepine tán kíákíá débi pé wọn kì í dúró ṣiṣẹ́.

Kí gbogbo èyí tó ṣeé ṣe, dókítà nílò ohun tí onílé nìkan lè mú wá, ìyẹn fídíò. Ẹ tan iná, ẹ gbé fóònù dúró níbi tí gbogbo ara ajá ti hàn, kì í ṣe orí nìkan. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ sókè kí fídíò gbọ́, ẹ ju ọwọ́ níwájú ojú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ jẹ́ kí a rí ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ gbọ̀n, ọ̀tún tàbí òsì. Ẹ má pa á nígbà tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró. Ẹ máa yà á títí yóò fi dìde, yóò fi rìn, yóò fi mọ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé, ohun tó jẹ lálẹ́ àná, oògùn eégbọn tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ náà, àti ọjọ́ tó gba ARV àti DHLPP kẹ́yìn.